Ta ló kọ̀ nínú àwọn Lárúbáwá, kí sì ni wọ́n kọ̀?

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Àkọlé tí ẹ gbé jáde pé "Àwọn Lárúbáwá kọ ìjọba tiwa-n-tiwa" da ẹ̀wà pọ̀ mọ́ òkúta. Ètò tí ìjọba Bush, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, fẹ́ fi ti ìjọba tiwa-n-tiwa àti àtúnṣe lẹ́yìn nílẹ̀ Lárúbáwá, tó sì fẹ́ gbé síwájú ìpàdé G8 (àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó lágbára) lọ́dún 2004, ni ọ̀rọ̀ dá lé. Oríṣi èèyàn mẹ́ta ló kọ̀ ọ́, ìdí wọn kò sì bára mu.

Àwọn aláṣẹ ló kọ́kọ́ figbe ta. Ní oṣù Kejì ọdún náà, ìwé ìròyìn Al-Hayat tó ń jáde ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà tú àṣírí ètò ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì fi lọ àwọn olórí Lárúbáwá. Mubarak, ààrẹ Íjíbítì nígbà náà, àti Abdullah, àrẹ̀mọ Saudi Arabia, fèsì pé àtúnṣe tó bá ti òde wá kò lè fẹsẹ̀ múlẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ Palẹsitínì ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yanjú. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣe ìpàdé G8 ní oṣù Kẹfà, àwọn méjèèjì kò yọjú.

Àwọn ọ̀mọ̀wé àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ tẹ̀ lé wọn. Ètò Amẹ́ríkà yọ ọ̀rọ̀ lò láti inú ìròyìn UNDP (àjọ ìdàgbàsókè ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé) ti ọdún 2002, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé Lárúbáwá kọ. Nader Fergany tó jẹ́ aṣáájú wọn fi ẹ̀hónú hàn. Àmọ́ nígbà tí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ pàdé ní ilé ìkàwé Alẹkisáńdíríà ní oṣù Kẹta, wọ́n ní kí wọ́n fagi lé òfin pàjáwìrì, kí ìbò sì máa wáyé lásìkò tó yẹ. Ṣé ọ̀rọ̀ ẹni tí kò fẹ́ tiwa-n-tiwa nìyẹn? Muslim Brotherhood, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Ìsìláàmù tó ń ṣe òṣèlú ní Íjíbítì, náà ta ko Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé ètò àtúnṣe tiwọn jáde lóṣù kan náà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìjọba ń bẹ̀rù gan-an, kó wo àwọn òfin kéékèèké. Òfin 84 ti ọdún 2002 ní Íjíbítì sọ pé ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ gba owó láti òkè òkun àfi tí iléeṣẹ́ ìjọba bá kọ́kọ́ yọ̀ǹda. Lábẹ́ òfin náà nígbà yẹn, mínísítà lè tú ẹgbẹ́ ká láìdé ilé ẹjọ́. Ìdí nìyẹn tí Íjíbítì fi fi dandan lé e níbi ìpàdé tí àwọn G8 àti ìjọba Lárúbáwá ṣe ní Bahrain, ní oṣù Kọkànlá 2005, pé ẹgbẹ́ tó bá forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin orílẹ̀-èdè rẹ̀ nìkan ni kí wọ́n máa ràn lọ́wọ́. Àwọn yòókù kò gbà, ìpàdé sì túká láìsí ìkéde àpapọ̀.

Abala 76 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Íjíbítì tún wá pabanbarì. Lọ́dún 2005, Mubarak ní òun ti ṣí ìbò ààrẹ sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù ú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú nílò àtìlẹ́yìn 250 lára àwọn tí aráàlú dìbò yàn: ó kéré tán 65 láti ilé aṣòfin, 25 láti ilé Shura (ilé aṣòfin àgbà), àti mẹ́wàá mẹ́wàá láti ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ 14. Ìyẹn jẹ́ 230. 20 tó kù lè ti ibikíbi wá láàárín wọn. Muslim Brotherhood, tí òfin kò gbà láyè láti dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀, kó àwọn èèyàn rẹ̀ wọ ìbò ọdún náà láìlo orúkọ ẹgbẹ́, wọ́n sì gba ìjókòó 88. 65 ti pé, ó tún ṣẹ́kù. Shura ńkọ́? Ẹgbẹ́ Mubarak ló kún ibẹ̀, Mubarak fúnra rẹ̀ ló sì ń yan ìdá kan nínú mẹ́ta. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí 25?

Wọ́n yọ̀ǹda fáwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn pé kí wọ́n fa èèyàn kalẹ̀ láìka iye ìjókòó wọn sí. Ayman Nour, olórí ẹgbẹ́ alátakò kan, ló ṣe ipò kejì, pẹ̀lú nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ọdún tó parí, wọ́n ti rán an lẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Hamas, ẹgbẹ́ tí Amẹ́ríkà kà sí afẹ̀míṣòfò, gba ìjókòó 74 nínú 132 níbi ìbò ilé aṣòfin Palẹsitínì, ohùn Amẹ́ríkà sì rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Àwọn alátakò tó ti ń sọ láti 2004 pé Washington kò ní dúró ti ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kò tún nílò ẹlẹ́rìí mìíràn.

Àwa òǹkàwé yín