Lẹ́tà sí Bàbá Katikísì, nítorí asẹ́ ìyá mi

Bàbá Katikísì,

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, fáda ìjọ Kátólíìkì wa ní ká kó imọ̀ ọ̀pẹ èṣí wá fún sísun, torí Ọjọ́rú Eléérú, tí wọ́n ń fi eérú rẹ̀ sí wa níwájú orí, ti dé tán. Ẹ̀yin ni ọkàn mi lọ bá. Ta ló ń sun ún nílùú wa báyìí? Nínú ìkòkò irin tó ti dípẹtà lẹ máa ń sun ún lẹ́yìn ilé fáda. Tó bá tutù, ẹ ó ní kí n lọ gba asẹ́ èlùbọ́ ìyá mi wá, ẹ ó sì jọ̀ ọ́ títí yóò fi kúnná bí àtíkè.

Lọ́dún kan, ẹ ò dá asẹ́ yẹn padà. Ìyá mi ò bèèrè, ó ra òmíràn. Mo mọ̀ pé asẹ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n àbúrò yín ni ìyá mi, Bàbá, eérú yẹn nìkan ló sì ń bá wọn tò gbà. Tó bá kan Kọmúníọ̀n, á jókòó, á gbé báàgì lé itan, á yí orúnkún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àwọn tó kù lórí bẹ́ǹṣì lè kọjá. Ẹlòmíràn á tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, á ní kò burú.

Torí pé bàbá mi, ọmọ Áńgílíkà, ò bá a lọ síwájú fáda fún ìgbéyàwó. Ẹ sì mọ̀ pé bíṣọ́ọ̀bù lè fọwọ́ sí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, láìjẹ́ pé ọkọ yí ìjọ padà. Ẹ bá àwọn ọmọ ẹlòmíràn kọ̀wé, ẹ gbé e lọ Adó-Èkìtì fúnra yín láyé Bíṣọ́ọ̀bù Fagun. (Ẹni tó ti ń fi Látìn dáhùn Mísà kí Àpérò Vatican Kejì tó fàyè gba èdè wa ní 1963, ṣé lẹ́tà kan ló máa nira fún?) Ti àbúrò yín, ẹ ní àfi kí ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ wá dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ìgbà tó di opó ló tó padà sídìí Kọmúníọ̀n.

Ẹ tọ́jú èmi o, irọ́ kọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní "Mo kí ọ Màríà", ẹ̀yin lẹ san owó ìwé mi.

Èmi náà ló wà lórí bẹ́ǹṣì báyìí, l'Ádó níbí. Pẹntikọ́sì ni ọkọ mi, ó ní ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù tí a ṣe tó. Ọmọ wa ń múra Kọmúníọ̀n Àkọ́kọ́, ó ti ń bi mí ìdí tí n kì í fi í dìde. Fáda ní kí n mú bàbá rẹ̀ wá ní Sátidé. Ọkọ mi ní òun ń bọ̀ láti ìṣọ́ òru, òun máa sùn. Ẹ̀yin ni ǹ bá rán sí i, torí ó ń bẹ̀rù àgbà. Àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀ bá gbà láti lọ.

Èmi ọmọ àbúrò yín.