Àwa Mẹ́ta Ló Kù Nídìí Káàdì

Òkè-Fìà, Òṣogbo.

Akànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé òtútù Calgary ò tíì sọ ẹ́ di yìnyín? Ìyá rẹ le koko, sìmẹ́ǹtì tún ti gbówó lórí, ìjì sì ti ká páànù ṣọ́ọ̀bù Ìyá Oníresì lọ. Èyíinì tán. Ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì ló jẹ́ kí n mú bírò.

Láti ìgbà tí ẹ ti ń japa lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí ìwọ dé orí Dókítà, àwa mẹ́ta la ṣẹ́kù sídìí pókà, eré káàdì wa, lálẹ́ Sátidé: èmi, Alága àti Bàbá Ìbejì, ẹ̀gbọ́n wa. O mọ bí ẹ̀gbọ́n ṣe máa ń ta á. Wọ́n á jókòó bí ẹni tó ń dúró de rélùwéè, títí éèsì méjì, káàdì tó ga jù, á fi bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Éèsì méjì tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 221 ló ń wá! Nígbà tí a pé mẹ́sàn-án, sùúrù yẹn ń gbè wọ́n. Ní báyìí, nínú ìgbà mẹ́ta tí a bá pín káàdì, ẹ̀ẹ̀mejì ni bíláíńdì, owó dandan tí ẹni méjì máa ń fi sílẹ̀ kí a tó rí káàdì, kékeré àti ńlá, ń kàn ẹ́. Hóró àgbàdo tí a fi ń ṣe owó ti máa ń tán lọ́wọ́ wọn kí káàdì gidi tó dé.

Mo ní, ẹ̀gbọ́n, éèsì kan àti káàdì kékeré tí ẹ máa ń jù nù láyé ọjọ́un, ẹ fi gbé owó sókè báyìí, pàápàá tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ pín káàdì, torí bí wọ́n bá ti ṣí káàdì mẹ́ta tó jẹ́ ti gbogbo wa sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ẹni tí káàdì méjì ọwọ́ rẹ̀ ò bá jọra, bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́ta ni wọ́n máa ṣí èyí tó bá tiẹ̀ mu. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fowó sílẹ̀ ló sábà ń kó o. Ṣùgbọ́n ẹ má dẹ́rù ba Alága o! Alága ò ní ju káàdì sílẹ̀ bí ilé tilẹ̀ ń jó. Káàdì gidi lẹ fi ń gba tọwọ́ tiẹ̀.

Apá tó dùn nìkan ni wọ́n gbọ́. Àgbàdo kún iwájú wọn, a jọ rẹ́rìn-ín títí.

Àfi bí wọ́n ṣe bi mí lọ́jọ́ kan pé, tó bá wá ku èèyàn méjì ńkọ́? Mo ní ẹni tó pín káàdì ló máa san bíláíńdì kékeré, òun ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, tí wọ́n bá ti wá ṣí káàdì, ó di ẹni ìkẹyìn. Wọ́n mi orí. Mo wojú wọn, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Akànní, a kì í ta ẹni méjì nílé Alága rí. Orí fóònù ni wọ́n ń ta á, owó gidi, gbogbo òru. Ìyá Ìbejì ló sọ fún ìyàwó mi l'Ọ́jà Ọba pé jẹnẹrétọ̀ wọn "wà lọ́dọ̀ rẹ́páírà". Rẹ́páírà wo? Mo ti rí i níwájú ilé ẹlòmíì.

Èmi ò lè là á mọ́ ẹ̀gbọ́n lójú. Ìwọ lo fi pókà mọ̀ wọ́n, ìwọ sì ni wọ́n ń gbọ́ tìẹ. Jọ̀ọ́, pè wọ́n lọ́sẹ̀ yìí, kó tó di pé wọ́n pè ẹ́ fún owó. Bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ pè, má fi ránṣẹ́.

Tí wọ́n bá bi ẹ́ pé ta ló sọ fún ẹ, Alága ni o.

Èmi ni,
Àjàní