Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: táípúráítà tí kò ní nọ́ńbà ọ̀kan

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú òjò, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ní Mọ́ńdè tó kọjá, n kò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù tán tí ọkùnrin kan ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpótí táípúráítà lábíyá. Ojú rẹ̀ le. Mo mọ àpótí náà, èmi ni mo tà á fún un lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ó gbé e lé orí tábìlì, ó ṣí i, ó nàka sí ìlà bọ́tìnì tó wà lókè pátápátá. "Ọ̀gá, ẹ wò ó o. Orí méjì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ńkọ́? Ta ló yọ ọ̀kan?"

Kò sẹ́ni tó yọ ọ́. Láti ilé iṣẹ́ ni wọn ò ti fi sí i. Nínú ọ̀pọ̀ táípúráítà kékeré ayé ọjọ́un, lẹ́tà "l" kékeré ni wọ́n ń lò fún ọ̀kan, kí àyè bọ́tìnì kan lè ṣẹ́ kù fún nǹkan mìíràn. Àmì ìyanu náà kì í sí nínú púpọ̀ wọn. Ẹ ó tẹ àmì kékeré tó dà bíi kọ́mà òkè, ẹ ó tẹ bọ́tìnì tó ń dá a padà sẹ́yìn, ẹ ó wá tẹ àmì ìdánudúró sábẹ́ rẹ̀. Mo ṣe méjèèjì lójú rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó gbé ẹrù rẹ̀ padà sílé.

Ìgbà tó lọ tán ló dùn mí. Mo tajà fún un, n kò ṣàlàyé ọjà. Ohun tó gbé mi jókòó nìyẹn tí mo fi kọ ìwé yìí. Orí táípúráítà kan tí wọ́n ń pè ní Lettera 32 ni mo ti kọ ọ́, ọmọ mi ló wá tún un tẹ̀ sórí fóònù fún yín.

Ohun tí ẹ máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?" Ẹni tó bá fẹ́ ta táípúráítà, bí bọ́tìnì rẹ̀ bá ti ń lọ sókè sódò, á ní ó ń ṣiṣẹ́ ni. Èmi náà ti ra irú rẹ̀ rí lọ́wọ́ ẹnì kan tó búra fún mi lórí fóònù. Ìgbà tó dé, okùn tó ń fa orí rẹ̀ ti já, gbogbo lẹ́tà ń gun ara wọn lójú kan ṣoṣo. Orí yẹn, tó ń gbé ìwé rìn, ni àwa oníṣẹ́ ń pè ní kárééjì. Sípíríǹgì kan tó ká sínú agolo kékeré ló ń fi okùn fà á. Ìka yín kàn ń sọ fún un pé kó sún ẹsẹ̀ kan ni.

Tí ẹ bá wá gbọ́ tí mo ní mo ti tún ọ̀kan ṣe, ohun tí mo ń wí ni pé mo ti tú ìbòrí rẹ̀, mo ti fọ inú rẹ̀, mo ti wo okùn àti sípíríǹgì rẹ̀, agogo rẹ̀ ń dún kí ìlà tó tán, àwọn lẹ́tà ńlá àti kékeré sì dúró lórí ìlà kan náà. Inú "o", "e" àti "a" ni mo máa ń fi abẹ́rẹ́ tú kẹ́yìn, nítorí íńkì ògbólógbòó máa ń dí wọn pa títí "o" á fi máa jáde bí èso kan dúdú.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni irin kan tó tẹ̀ bí ìdajì òṣùpá, tó ní àlàfo tóóró tóóró bí eyín òòyà. Inú àlàfo kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fẹsẹ̀ sí. Lọ́dún tí mo ṣe fúrídọ́ọ̀mù, ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́ gbé tiwọn wá, lẹ́tà mẹ́ta ń lẹ̀. Ọgbọ́n orí mi ni pé irin tó bá lẹ̀, epo ló ń fẹ́. Mo da epo máṣíìnì ìránṣọ sí i, ó ń yọ̀ tẹ̀rẹ̀rẹ̀, ìyá dúpẹ́, mo gbowó. Ìgbà tí ọyẹ́ dé tó kó eruku rẹ̀ dé, eruku bá epo nílé, wọ́n di ọ̀dà. Kì í ṣe lẹ́tà mẹ́ta mọ́, gbogbo rẹ̀ ló lẹ̀ pinpin. Ọ̀gá mi (Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere) kò bú mi. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni wọ́n nà sí mi, pẹ̀lú tápẹ́ńtáìnì tí àwọn akunlé fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n ní kí n fọ eyín náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ ṣú bá mi nídìí ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, epo kì í débẹ̀ níṣọ́ọ̀bù mi, mo sì bẹ̀ yín, kó má débẹ̀ nílé yín náà. Gbígbẹ ló ń ṣiṣẹ́.

Àwọn kan máa ń ní kí n kùn ún ní pupa tàbí búlúù kó lè dára nínú fótò. N kì í kùn ún. Mo fẹ́ràn ibi tí ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti pa ọ̀dà rẹ̀ lára.

Ohun kan wà tí n kò lè túnṣe, kí n sọ ọ́ kó tó di ìjà. Rọ́bà dúdú gbọọrọ tí ẹ ń yí ìwé mọ́ máa ń le bó ṣe ń dàgbà. Ẹ fi èékánná àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́: tó bá rọ̀ díẹ̀, ó ṣì dáa; tó bá dà bí ìgbà tẹ́ ẹ tẹ òkúta, ariwo rẹ̀ á pọ̀, àmì ìdánudúró á sì máa lu ìwé yín jo. N kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń da rọ́bà tuntun bò ó. Àwọn rọ́bà kéékèèké tó wà lábẹ́ rẹ̀, tó ń di ìwé mú, ìyẹn mo lè pààrọ̀. Fún ti ńlá náà, ẹ máa fi ìwé kejì sẹ́yìn èyí tẹ́ ẹ̀ ń kọ, ẹ ó rí i pé ohùn rẹ̀ á rọlẹ̀. Tí rọ́bà ọ̀kan bá ti le, mo máa ń kọ ọ́ sí ara káàdì tó so mọ́ ọn, owó rẹ̀ náà á sì wálẹ̀.

Èwo ni kí ẹ rà? Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ máa gbé e kiri, Lettera 22 tí Olivetti ti ìlú Ivrea ní Ítálì gbé jáde lọ́dún 1950 kò tó kílò 4 láìka àpótí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń kọ bí àgbà. Lettera 32 tó tẹ̀lé e lọ́dún 1963 ni àwa máa ń rí jù. Hermes Baby, tó ti wà láti 1935, tẹ́ẹ́rẹ́ jù wọ́n lọ, àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ lẹ́tà ńlá nínú tirẹ̀, kárééjì ni ìka kékeré yín máa gbé sókè, ìka á sì rò ó fún yín lálẹ́. Ẹni tó bá ń kọ ojú ewé mẹ́wàá lójúmọ́, kó ra Olympia ti Jámánì. Ó wúwo, kì í sá kiri lórí tábìlì. Imperial Good Companion àwọn ará Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà máa ń wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti ilé àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Tó bá dé, mo máa ń dì í mú fún ọ̀sẹ̀ kan kí n tó gbé e síta, ìyẹn ìfẹ́ inú ara mi ni.

Wọ́n ní Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti í múná roko. Gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yìí ò rídìí NEPA.

Ìbéèrè tó dùn mọ́ mi jù ni ti àwọn tó ń bi mí bóyá ó lè kọ Yorùbá. Tí mo bá tẹ "owo" láìfi àmì sí i, ṣé owó ni, àbí òwò, àbí ọwọ́, àbí ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀, àbí ọ̀wọ̀ tí ọmọ ń bù fún bàbá? Ará Ọ̀wọ̀ sì lè ní ìlú òun ni. Àwọn tó ń ta táípúráítà fún wa láyé ọjọ́un ò ronú kan èyí. Bọ́tìnì wọn, ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá tí ẹ bá rí pé wọ́n táìpù nígbà náà, ẹ wò ó dáadáa, bíró ni wọ́n fi fi àmì ohùn sí i lẹ́yìn.

Ti àmì abẹ́ rọrùn. Ẹ tẹ "e", ẹ tẹ bọ́tìnì ìpadàsẹ́yìn, ẹ wá tẹ ìlà abẹ́. Ìlà náà á gùn ju ẹyọ àmì kan lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ṣì í kà. Tó bá jẹ́ pé àmì kékeré gan-an lẹ fẹ́, èyí ni bí èmi ṣe ń ṣe é. Mo máa kọ ìlà náà tán láìfi nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀. Ńṣe ni mo máa wá tú ìwé sílẹ̀ kó má tẹ̀lé ìdíwọ̀n ìlà, màá yí i sókè ní bí ìbú irun orí mẹ́ta mẹ́rin, màá ti kárééjì padà síbẹ̀rẹ̀, màá sì máa fi bọ́tìnì àlàfo rìn lọ lábẹ́ ìlà náà bí ẹni tó ń gbin àgbàdo: tí mo bá dé abẹ́ ẹ, ọ, tàbí ṣ, mo sọ àmì ìdánudúró kan síbẹ̀, mo rìn lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ẹ ó máa ka lẹ́tà sókè. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ọwọ́ á ti mọ̀ ọ́n.

Àmì ohùn ló le, àyàfi tí ẹ bá rí èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń sọ èdè Potogí. Àwọn yẹn ní bọ́tìnì tí a ń pè ní jókòójẹ́ẹ́ níṣọ́ọ̀bù wa. Ẹ tẹ̀ ẹ́, á fi àmì ohùn òkè tàbí àmì ohùn ìsàlẹ̀ sórí ìwé, kárééjì ò ní mira. Ẹ wá tẹ lẹ́tà, á bọ́ sábẹ́ àmì yẹn gẹ́ẹ́. Àmì ló ń ṣíwájú lẹ́tà, ẹ má gbàgbé. Ewu rẹ̀ ni pé nínú àwọn tó ti Pọ́túgàlì wá, lẹ́tà ò tò bí a ti mọ̀ ọ́n. Dípò Q, W, E, R, T, Y, ẹ ó bá H, C, E, S, A, R. Ẹni tó ti mọ táìpù tẹ́lẹ̀ á kọ́kọ́ máa ṣépè. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ló máa ń yá lára jù. Ọ̀kan ṣoṣo péré ni mo ní báyìí, olùkọ́ kan láti Ifẹ̀ sì ti wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Tí ẹ bá gbé e délé, ẹ má tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń tẹ fóònù. Ẹ fi ìka lù ú, kẹ́ ẹ sì sá kúrò, bí ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ yọ ẹran nínú ìkòkò tó ń hó. Ẹni tó bá di bọ́tìnì mọ́lẹ̀, lẹ́tà méjì á kọ lu ara wọn lókè, á ní mo ta ọjà bàjẹ́ fún òun.

Ríbọ́ọ̀nù, ìyẹn aṣọ tóóró tó ń gbé íńkì, èyí tó jẹ́ ìdajì íǹṣì ní ìbú ló bá gbogbo wọn mu. Èyí tó yàtọ̀ ni kẹ̀kẹ́ tó ń ká a. Nítorí náà, ẹ má ju kẹ̀kẹ́ àtijọ́ nù láéláé. Ẹ gbé e wá, a ó ká ríbọ́ọ̀nù tuntun sára rẹ̀ níṣojú yín. Ìyàwó oníbàárà wa kan ti dà á sílẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí rí, a ò rí irú rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé a máa ń fi ránṣẹ́ sí láti gáréèjì, ẹ dákun, ẹ má fi ìkánjú bá wa jà. Awakọ̀ kan gbé Olympia kan sábẹ́ àpò gàrí láti ibí dé Ìbàdàn, irin ìyílà rẹ̀, èyí tí a fi ń bọ́ sí ìlà tuntun, ṣẹ́ sí méjì. Láti ìgbà náà, a máa ń ti kárééjì pa, a máa fi tìmùtìmù wé e, a sì máa fi sínú páálí méjì. Tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n ti í pa, ẹ tú u, kí ẹ tó pè mí pé kò rìn.

Ní ti owó, ọmọ òṣómàáló ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n eékún mi ò gba ìlóṣòó mọ́, nítorí náà n kì í tà láwìn. Ẹ san ìdajì, a dì í mú fún yín; ẹ san ìyókù lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e. Láàárín oṣù mẹ́fà, ohunkóhun tó bá ṣe é tí kì í ṣe pé ó já bọ́, ọ̀fẹ́ la máa tún un ṣe. Tí ẹ bá sì lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì tí kò bá yín lára mu, ẹ gbé e padà wá, a ó jọ wo òmíràn. Lọ́jọ́ Sátidé, láti aago mẹ́wàá, ẹ lè wá jókòó ti èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá fẹ́, kí ẹ kọ ojú ewé kan kí ẹ tó na owó. Ìwé tiyín ni kẹ́ ẹ mú wá, tiwa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Tẹ́ ẹ bá ti dé Ọjà Àtàkúnmọ́sà, ẹ béèrè onítáípúráítà, wọ́n á júwe wa fún yín.

Ọkùnrin ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn ti kọ lẹ́tà sí mi. Àná ni ọmọ rẹ̀ mú un wá. Ó dúpẹ́, ó sì béèrè ríbọ́ọ̀nù méjì. Ọjọ́ kọkànlá oṣù ló kọ sí igun òkè rẹ̀: "l" kékeré méjì, wọ́n dúró gbọn-in.

Èmi ni tiyín,
Onítáípúráítà, Iléṣà