Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Etí Ọ̀tún

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Láti alẹ́ Ọjọ́rú, tí ẹ̀yin ọkùnrin ìjọ ti fi àga bá ara yín jà ní ìpàdé, ni Jòhánù 18, ẹsẹ 10, kò ti jẹ́ kí n sùn. Pétérù fa idà yọ, ó gé etí ọ̀tún ìránṣẹ́ olórí àlùfáà. Kí ni apẹja ń fi idà ṣe? Nígbà tí Jésù ní kí wọ́n máa gbàdúrà, oorun ló ń sùn. Ẹni tó fi àkókò àdúrà sùn ló jí tó ń wá idà kiri. Ẹ sì wo ibi tó gé: etí! Ẹni tí o gé létí, kí ni yóò fi gbọ́ ìwàásù rẹ?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní, "Pásítọ̀, èmi kì í ṣe ojo." Ó dáa. Martin Luther King ńkọ́? Pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi bíi tiwa ni (ó tilẹ̀ wá sí Èkó ní oṣù kọkànlá 1960, nígbà tí wọ́n ń búra fún Azikiwe). Ọmọ ọdún 26 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í darí àwọn ènìyàn dúdú ìlú Montgomery, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ̀ tí wọn ò wọ bọ́ọ̀sì fún ọjọ́ 381 nítorí ìyà tí wọ́n ń jẹ nínú rẹ̀. Ní alẹ́ 30 oṣù kìíní 1956, ó wà ní ìpàdé nígbà tí wọ́n ju bọ́ǹbù sílé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ wà nínú ilé. Kó tó débẹ̀, èrò ti kún, inú ń bí wọn, àwọn mìíràn gbé ìbọn dání. Ó wọlé lọ wò wọ́n, Ọlọ́run ti yọ wọ́n. Ó wá jáde sí fàráńdà. Gbólóhùn kan péré, ìlú ì bá gbaná. Ó ní kí wọ́n gbé ohun ìjà wọn lọ sílé, ó sì rán wọn létí ohun tí Jésù sọ nípa idà. Wọ́n túká. Wọn ò sì wọ bọ́ọ̀sì náà títí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fi dá wọn láre. Ẹ pe ìyẹn ní ojo kí n gbọ́.

Ìwọ ńkọ́, ta ló ju bọ́ǹbù sílé tìrẹ? Àga tí ìjọ dáwó rà, ìjókòó la rà á fún. Àwọn ọmọdé tó ń kọ́ orin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní etí méjì-méjì. Ẹ̀yin díákónì, ẹ wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun wọ́! Tiyín dùn mí ju tàwọn tó ń pariwo lọ. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, Jésù ò lé Pétérù. Ó wo etí náà sàn lójú ẹsẹ̀, Pétérù yẹn kan náà ló sì wàásù ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì. Mo fẹ́ràn yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ wá sílé. Ẹ dá wá, ẹ jọ wá, ìyàwó mi yóò ro àmàlà.

Ìfilọ̀: Ìpàdé ẹgbẹ́ ọkùnrin di Sátidé, aago 4 ìrọ̀lẹ́, nílé pásítọ̀. Ẹ̀yin ìyá, owó aṣọ àjọ̀dún o. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ló kàn láti gbá ọgbà. Káfíńtà ní àga mẹ́rin náà yóò ti ṣeé lò kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ san owó rẹ̀, kó rí akápò ní ìkọ̀kọ̀.