Mítà tuntun àti ilé tó ṣófo

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, Olóòtú,

Mítà tuntun ti ń wọ àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, irú èyí tó ń fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ iná. Mo fẹ́ mítà o. Bílì àfojúbù ti sú wa. Ṣùgbọ́n irú mítà yìí lè máa ka iná tí a lò ní gbogbo ìṣẹ́jú 30. Ẹni tó bá rí àkọsílẹ̀ náà á mọ ìgbà tí a sùn, ìgbà tí a jáde, àti ilé tí kò sí ènìyàn. Ẹ wo ilé ńláńlá tí àwọn onílé wọn ń gbé Èkó, tí wọn kì í ṣí títí di Ojúde Ọba! Olè àdúgbò lè ṣọ́ ilé kan tàbí méjì. Ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà lọ́fíìsì lè wo gbogbo àdúgbò lẹ́ẹ̀kan náà, òun ló ń bà mí lẹ́rù.

Ní 2009, ilé aṣòfin àgbà Netherlands kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin tó fẹ́ sọ mítà yìí di dandan, nítorí àṣírí ilé onílé. Àwa náà ní òfin ààbò dátà ti 2023. Kí iléeṣẹ́ iná sọ fún wa kí wọ́n tó kan mítà mọ́ ògiri: ta ló ń rí àkọsílẹ̀ wa, ọjọ́ mélòó ni wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀?

Onílé kan,
Ìjẹ̀bú-Òde