WHITWORTH Tó Wà Lára Dáì Kì í Ṣe Ọjọ́ Orí Rẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú akitiyan lórí èdè wa. Àṣìṣe kan ti fẹ́ di òfin láàárín àwọn tó ń ta irinṣẹ́ àlòkù níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì yẹ ká tètè tún un ṣe. Bí wọ́n bá ti rí dáì (irin tó ń gé eyín sára bóòtù) tàbí táàpù (èyí tó ń gé eyín sínú ihò nọ́ọ̀tì) tí wọ́n tẹ WHITWORTH sí lára, wọ́n á ní ọdún 1841 ni wọ́n ti rọ ọ́, wọ́n á sì bu owó gọbọi lé e. Èyí tí ọ̀rọ̀ náà kò bá sí lára rẹ̀, àwọn tó ń ra irin ní kílò-kílò ni wọ́n ń tà á fún. Ẹni tó ra ti àkọ́kọ́ ti pàdánù owó. Ti ìkejì ló dùn wá jù, nítorí irinṣẹ́ tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lè wà nínú pàǹtí yẹn, tí wọ́n á lọ yọ́ dànù.

Orúkọ eyín tí dáì náà ń gé ni Whitworth, kì í ṣe orúkọ ẹni tó ṣe dáì. Joseph Whitworth, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló dábàá lọ́dún 1841 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ yéé gé tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn eyín bóòtù, bó ṣe wu kálukú. Ó ní kí igun eyín jẹ́ dìgírì 55, kí orí eyín àti ìdí kòtò rẹ̀ rí roboto díẹ̀, kí iye eyín tó wà nínú íǹṣì kan sì dúró sójú kan fún ìwọ̀n bóòtù kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà, Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe dáì rẹ̀, Amẹ́ríkà ń ṣe é, Íńdíà ṣì ń ṣe é dòní. Dáì ọdún 1965 lè ru WHIT tàbí BSW (British Standard Whitworth), kò sì purọ́. Tó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ Whitworth fúnra rẹ̀ ló ṣe é, orúkọ ilé iṣẹ́ náà àti Manchester ló yẹ kí ẹ rí. Bí "Sir" bá ṣíwájú orúkọ yẹn, kò lè ṣáájú 1869 tí ọkùnrin náà joyè. Bí Armstrong bá ti bá a rìn, ó ti di 1897 tí ilé iṣẹ́ méjèèjì da pọ̀.

Kí ẹ tó wá ọjọ́ orí, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń gé. Ẹ rì í sínú kẹrosíìnì mọ́jú, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírun idẹ fọ̀ ọ́. Ẹ má fi gíráńdà fọ̀ ọ́ rárá: lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára irin kò jìn, kíá ni gíráńdà máa jẹ ẹ́ tán, ẹ̀rí sì ti lọ nìyẹn. Omi bátìrì náà kò dára. Ó máa ń jẹ ṣóńṣó eyín tó yẹ kó gé irin, ó sì máa ń sọ irin líle di ohun tó ń ṣẹ́ bí igi gbígbẹ. Bí ìpẹtà bá wúwo, ẹ lo fínígà, kó má kọjá ọjọ́ kan, kí ẹ sì máa yọ ọ́ wò. Lẹ́yìn náà ẹ fi omi sódà ṣàn án, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ fi ẹńjìn-ọ́ìlì pa á lójú ẹsẹ̀. Lẹ́tà tó bá ṣì ṣú, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pa á kí ẹ nu ojú rẹ̀ nù. Èyí tó kù sínú kòtò lẹ́tà ni ẹ ó kà.

Níbi wíwọ̀n, ẹnu táàpù ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ẹnu rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́ kó lè rọrùn láti wọlé, nítorí náà apá ibi tí eyín ti pé, lẹ́bàá ọrùn, ni kí ẹ gbé káípà sí. Dáì kò ṣeé wọ̀n nínú bẹ́ẹ̀. Ẹ fi gé ọ̀pá idẹ díẹ̀, kí ẹ wá wọn ọ̀pá náà. Bí ẹ kò bá fẹ́ lò ó, ẹ tẹ àbẹ́là tó ti rọ̀ mọ́ eyín rẹ̀, àwòrán eyín á yọ síbẹ̀. Ẹ gbé rúlà lé e, kí ẹ ka iye eyín tó wà nínú íǹṣì kan.

Bóòtù ìdajì íǹṣì ló máa ń sọ̀rọ̀ jù. Eyín 12 ni ti Whitworth, 13 ni ti Amẹ́ríkà tó nípọn, 16 ni BSF (ti Gẹ̀ẹ́sì tó fíntínfíntín), 20 ni ti Amẹ́ríkà tó fíntínfíntín. Nọ́ọ̀tì tó wọlé ní ìyípo kan tàbí méjì tó wá há, 12 àti 13 ló ń bára wọn jà níbẹ̀; ẹni tó bá fi sípánà fipá mú un á bó eyín méjèèjì. Ní ìdá mẹ́rin íǹṣì, iye eyín kò ràn yín lọ́wọ́, torí 20 ni Whitworth àti ti Amẹ́ríkà tó nípọn. Igun ni kí ẹ wò: 55 ni Whitworth, 60 ni ti Amẹ́ríkà, tí orí eyín rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ, gẹ́gẹ́ bí William Sellers ṣe gbé e kalẹ̀ ní Philadelphia lọ́dún 1864. Ẹ ti géèjì tírẹ́ẹ̀dì mọ́ ọn, kí ẹ gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, kò bá a mu. Ìdẹkùn tó burú jù ni 0BA, tírẹ́ẹ̀dì Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n ń lò fún ohun èlò iná mànàmáná àti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké. Mìlímítà 6 ni ìbú rẹ̀, mìlímítà 1 ló wà láàárín eyín sí eyín, bíi M6 (tírẹ́ẹ̀dì onímìlímítà) gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n dìgírì 47½ ni igun rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ páìpù, ẹ fara balẹ̀ síbí. BSP ni tírẹ́ẹ̀dì páìpù ti Gẹ̀ẹ́sì, NPT ni ti Amẹ́ríkà; dáì méjèèjì jọ ní eyín 14 fún páìpù ìdajì íǹṣì àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Wọ́n á wọ ara wọn, ẹ ó wé tépù mọ́ ọn, omi á ṣì máa kán, torí igun 55 àti 60 kò lè jókòó síra wọn. Ní íǹṣì kan, 11 ni BSP, 11½ ni NPT. Ẹ kà á láàárín íǹṣì méjì kí ìdajì yẹn má bàa sọnù: 22 tàbí 23. Ògbómọ̀ṣọ́ tí àwọn Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà ti ń ṣiṣẹ́ láti 1855 kì í ṣe ibi tí dáì NPT yóò ti jẹ́ àjèjì.

Wàyí o, ọjọ́ orí. Orúkọ tírẹ́ẹ̀dì ló ń fún wa ní ọdún tí irinṣẹ́ kò lè ṣáájú. BSF dé ní 1908. UNC (tó nípọn) àti UNF (tó fíntínfíntín) ti inú àdéhùn 1948 láàárín Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti Kánádà jáde. Ní Amẹ́ríkà, orúkọ USS àti SAE ló ṣáájú wọn, lẹ́yìn náà NC àti NF. Àmọ́ àwọn orúkọ àtijọ́ kò kú lọ́jọ́ kan, nítorí náà USS lára dáì kò fi dandan sọ pé ó ṣáájú 1948.

Orúkọ ìlú náà ń ṣèrànwọ́. Ní 1887 òfin Gẹ̀ẹ́sì fi dandan lé e pé kí ọjà ilẹ̀ òkèèrè tó bá ru orúkọ tàbí àmì Gẹ̀ẹ́sì sọ ibi tó ti wá, Amẹ́ríkà náà ṣe tirẹ̀ ní 1890. "West Germany" wà láàárín 1949 sí 1990, "Czechoslovakia" kò lè ṣáájú 1918. GTD ni Greenfield Tap and Die, Massachusetts, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1912 láti inú Wells Brothers àti Wiley & Russell. Little Giant jẹ́ orúkọ ọjà Wells, ṣùgbọ́n Greenfield ń lò ó nìṣó. Orúkọ Wells Brothers fúnra rẹ̀ ló ń tọ́ka sí ìgbà tó ṣáájú 1912. Irinṣẹ́ páìpù Ridgid ti Amẹ́ríkà tó kọ North Ridgeville ti wà kí ilé iṣẹ́ náà tó kó lọ sí Elyria ní 1943. Ọfà tó gbòòrò lẹ́nu, tí wọ́n tẹ̀ sára irin, ohun ìní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọdún sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn sì ni ẹ̀bùn tó dára jù.

Ọjọ́ páténtì, ìyẹn ọjọ́ tí ìjọba fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ṣe irinṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé ogún ọdún lẹ́yìn náà ni èyí tó wà lọ́wọ́ yín jáde. Nọ́ńbà páténtì Amẹ́ríkà wọ mílíọ̀nù kan ní 1911, méjì ní 1935, mẹ́ta ní 1961. Gẹ̀ẹ́sì máa ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà lákọ̀tun lọ́dọọdún títí di 1916, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 100,001.

Táàpù tó ru HS tàbí HSS (high-speed steel, irin tó ń gé bó tilẹ̀ gbóná) kò lè jẹ́ ti ayé Whitworth, nítorí ọdún 1900 ni wọ́n fi irin náà han aráyé ní Paris. Tí kò bá ru ohunkóhun, ẹ fi ìdí rẹ̀ onígun mẹ́rin kan òkúta gíráńdà fẹ́ẹ́rẹ́, níbi tí kò sí lẹ́tà, kí eyín má kàn án. Ẹ̀ta iná tó mọ́lẹ̀ tó sì ń fọ́n ká bí ìràwọ̀, irin kábọ́ọ̀nù ni. Tó bá pọ́n dúdú tí kò fọ́n, HSS ni. Síbẹ̀, kábọ́ọ̀nù kò túmọ̀ sí àtijọ́, wọ́n ń ta tuntun rẹ̀ lónìí. Bí kábọ́ọ̀nù bá sì gbóná tó fi di aláwọ̀ búlúù, líle rẹ̀ ti lọ.

Páálí tàbí àpótí igi kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ti ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá dáì kọ̀ọ̀kan jókòó déédéé sínú ihò tirẹ̀. Bí àdírẹ́sì Amẹ́ríkà tó wà lára ìdérí bá ní nọ́ńbà márùn-ún lẹ́yìn orúkọ ìpínlẹ̀, ó ti kọjá 1963.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí ẹ̀yin tó ń ta á ni pé dáì alápá méjì, èyí tí wọ́n ń fi ìdè ẹ̀gbẹ́ há sínú ọwọ́ dáì, ìbejì ni wọ́n. Ọ̀kan ru 1, èkejì ru 2, tàbí kí àmì kan náà wà lára méjèèjì, nítorí ìgbà tí wọ́n wà pọ̀ ni wọ́n gé eyín wọn. Bí a bá fi 1 ti ibòmíràn ti 2 yìí, eyín wọn kò ní pàdé, bóòtù tí wọ́n bá gé á wọ́. Ẹ fi wáyà so wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá rà wọ́n, kí ẹ tó da gbogbo rẹ̀ sínú agolo kan.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Oníṣẹ́ páìpù àti irin,
Ògbómọ̀ṣọ́.