Níbo lo ti rí i?

Àṣàkẹ́, àbúrò mi,

Mo kí ọ o. Bá mi kí Bàbá àti Màmá, kí o sọ fún wọn pé ara mi le, iṣẹ́ àti ìwé ló gbà mí lọ́wọ́ tí ẹ ò fi gbúròó mi.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ìdánwò báyọ́lọ́jì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, o ti há gbogbo rẹ̀ sórí, àmọ́ bí wọ́n bá ti yí ìbéèrè padà díẹ̀ báyìí, gbogbo rẹ̀ á pòórá. Ẹ̀rín pa mí. Mi ò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ o. Èmi náà ti padà sí kíláàsì báyọ́lọ́jì níbí, lẹ́yìn ọdún 17 tí mo ti jáde ilé-ìwé girama, torí wọn ò ní gbà mí sí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì bí n kò bá tún un ṣe. Ọmọ ọdún 16 ni àwọn tó jókòó tì mí. Níjọ́ àkọ́kọ́, inú ń bí mi ni. Kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ mi tí n kò mọ̀?

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní ká bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú àlùbọ́sà, ká tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ká kán ayodíìnì sí i, ká wò ó nínú máíkírósíkóòpù, ká sì ya ohun tí a bá rí. Mo yà á, ó dùn ún wò. Ògiri sẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, núkíléọ̀sì tó ń darí sẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, mo wá da àwọn chloroplast, ẹ̀yà aláwọ̀ ewé tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ, sí i wẹ́wẹ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wà nínú àwòrán tí èmi pẹ̀lú rẹ há sórí. Olùkọ́ wa bẹ̀rẹ̀, ó fìka kan ọ̀kan nínú wọn. Ohun tó bi mí, bí n bá sọ ọ́ ní èdè tiwa, ni pé: “Níbo lo ti rí i?”

Mo tún ojú bọ ẹ̀rọ náà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tò gbọọrọ bíi bíríkì, ayodíìnì ti sọ wọ́n di rúsúrúsú, núkíléọ̀sì kọ̀ọ̀kan dúró ní kọ̀rọ̀ bí ojú ẹja kékeré. Kò sí àwọ̀ ewé kankan. Inú ìdí àlùbọ́sà la ti bó o, ìmọ́lẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀, kí ló fẹ́ fi chloroplast ṣe? Ewé rẹ̀ tó yọ síta ló ni ín. Ìwé kò purọ́ fún wa. Gbogbo ohun tí sẹ́ẹ̀lì ewéko lè ní ló kó jọ sínú àwòrán kan ṣoṣo. Èmi ni mo ya ohun tí n kò rí.

O mọ̀ pé “rí” ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́nu wa: a ń fojú rí nǹkan, a sì ń rí nǹkan gbà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi gbogbo ohun tó wà nínú sílábọ́ọ̀sì ní ìbéèrè kan náà.

Bi igi ná. Igi tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, níbo ló ti rí ara? Wọ́n bi wá, èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́: inú ilẹ̀ ni. Olùkọ́ wá sọ ìtàn van Helmont, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan láyé àtijọ́, fún wa. Ó gbin igi willow tó wọn pọ́n-ùn 5 sínú erùpẹ̀ gbígbẹ tó wọn pọ́n-ùn 200, omi nìkan ló ń bù fún un fún ọdún 5. Nígbà tó fà á tu, igi ti lé ní pọ́n-ùn 169, erùpẹ̀ kò sì dín ju nǹkan bí ouńsì 2 lọ. Lọ́dún 1648, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Ó ní omi ló di igi. Ó gbìyànjú o, àmọ́ kò ronú kan afẹ́fẹ́. Káábọ́ọ̀nù dayọ́síàdì ń gba ihò tíntìntín ara ewé wọlé, gbòǹgbò ń fa omi, ewé á fi agbára ìmọ́lẹ̀ pa méjèèjì pọ̀ di ṣúgà, ọ́síjìn á bọ́ síta. Photosynthesis nìyẹn. Ṣúgà náà ni igi ń sọ di pákó. Mo wo tábìlì tí mo gbọ́wọ́ lé lọ́jọ́ náà, mo ní afẹ́fẹ́ kọ́ nìyí!

Ibì kan wà tí wọ́n ti máa ń gbá èèyàn mú: wọ́n á ní ewéko ń ṣe photosynthesis, ẹranko ń ṣe respiration. Má gbà. Ewéko ń ṣe méjèèjì, respiration rẹ̀ kì í sì í dúró, tọ̀sán tòru ni. Respiration kì í ṣe mímí. Ẹ̀dọ̀fóró la fi ń mí. Inú sẹ́ẹ̀lì ni respiration ti ń tú ṣúgà palẹ̀ kó lè rí agbára lò, mitochondria, ẹ̀yà tíntìntín kan nínú sẹ́ẹ̀lì, ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ìkọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa bí àwọn ohun alààyè ṣe ń bára wọn gbé, tí o ní ó ń sú ọ, òun ni mo wá fẹ́ràn jù. Kìnnìún rí agbára lára ẹtu, ẹtu rí i lára koríko, koríko rí i lára oòrùn. Bí o bá ń ya ẹ̀wọ̀n oúnjẹ, ẹni tó jẹun ni kí ẹnu ọfà kọjú sí, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni agbára ń lọ. Ọ̀dọ̀ ẹni tí a jẹ ni mo kọ ọfà tèmi sí fún ọ̀pọ̀ ọdún! Agbára náà kì í dé tán. Ẹtu á sáré, ara rẹ̀ á gbóná, á yàgbẹ́, kìnnìún kò sì ní jẹ ìwo àti pátákò. Onímọ̀ ìkọ́lọ́jì kan, Lindeman, kọ nípa èyí lọ́dún 1942, láti inú adágún omi kan tó yẹ̀ wò. Nínú ìwé wa, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń lò: kílójúùlù 10,000 lára koríko á di 1,000 lára ẹtu, 100 péré lára kìnnìún. Ìṣirò gbà-bẹ́ẹ̀ ni o, ó lè dín, ó lè pọ̀ sí i. Òun ló fà á tí ẹtu fi ń pọ̀ ju kìnnìún lọ nínú igbó.

Agbára tó bá ti di ooru ti lọ nìyẹn, àmọ́ èròjà ara ń padà. Bakitéríà àti olú á jẹ òkú ẹran àti ewé tó jábọ́, ilẹ̀ á gbà á, gbòǹgbò á tún fà á. Ti náítírójìn ló yà mí lẹ́nu jù. Ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ni, ó yí ewéko ká, ewéko kò sì lè fọwọ́ kàn án bó ṣe wà. Àwọn bakitéríà kan tó ń gbé inú kókó ara gbòǹgbò ewéko ìdílé ẹ̀wà ló ń bá a yí i padà, òun náà á sì fún wọn ní ṣúgà.

Mendel, ẹni tó fi ẹ̀wà pea wádìí bí ọmọ ṣe ń jogún ìrísí òbí, kò le. Òdòdó aláwọ̀ àlùkò ni àwọn òbí, ọmọ wọn 705 ní àwọ̀ àlùkò, 224 funfun báláú. Níbo ni funfun ti rí i? Ó fara pamọ́ sára àwọn òbí náà ni, àwọ̀ àlùkò ló bò ó mọ́lẹ̀. Bí o bá ti di èyí mú, àpótí onígun mẹ́rin tí wọ́n fi ń ṣírò ohun tí ọmọ lè jogún yẹn kò ní dẹ́rù bà ọ́ mọ́.

Bẹ àwọn olùkọ́ rẹ kí wọ́n jẹ́ kí o lo máíkírósíkóòpù. Àlùbọ́sà pupa ni kí o mú, kí o bó awọ tó pupa níta, má kán ayodíìnì sí i. Kọ́kọ́ wò ó nínú omi lásán, lẹ́yìn náà kí o kán omi iyọ̀ sí i, kí o má gbé ojú kúrò. Wàá rí i tí pupa inú sẹ́ẹ̀lì á máa sún kúrò lára ògiri, á máa kéré sí i, torí omi ń jáde lọ bá iyọ̀. Osmosis tó o há sórí nìyẹn.

Yà á, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Bí mo bá rí chloroplast kan ṣoṣo nínú rẹ̀, o mọ ohun tí n ó bi ọ́.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ